Kí Ló Ń Mú Kí Tòmátì Ẹ̀yìnkùlé Dùn?

Tòmátì méjì wà lórí àwo. Irúgbìn kan náà ni, méjèèjì sì pupa fòò. Nígbà tí wọ́n gé èkíní, kìkì omi ni. Èkejì dùn, ó kan díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba ilé ìdáná kan. Ẹ̀yìnkùlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ká wọn. Ṣé ilẹ̀ ló fa ìyàtọ̀ náà?

Ilẹ̀ lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ kì í bu adùn sínú èso bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ewé ló ń fi oòrùn, afẹ́fẹ́ àti omi ṣe ṣúgà tó ń wọnú èso. Iṣẹ́ ilẹ̀ ni láti pinnu bí omi àti oúnjẹ tí gbòǹgbò ń rí ṣe máa pọ̀ tó. Nínú 100 gíráàmù tòmátì, nǹkan bíi 95 ló jẹ́ omi. Ìwọ̀nba tó kù ló ń fún un ní adùn. Bí omi bá wá pọ̀ jù, á bo adùn náà mọ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ amọ̀, tó máa ń di omi mú, fi lè mú èso tó tóbi àmọ́ tí kò dùn jáde, pàápàá nígbà òjò. Omi tètè máa ń fa lọ nínú ilẹ̀ oníyanrìn. Èso ibẹ̀ lè kéré, àmọ́ ó sábà máa ń dùn jù. Ní Kadawa, ní ìpínlẹ̀ Kano, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn àgbẹ̀ ń gbin tòmátì. Oòrùn ń ràn dáadáa, omi tó ń wá láti ìsédò Tiga ni wọ́n sì ń bu rin oko níwọ̀nba.

Irú ilẹ̀ wo ló wà lẹ́yìnkùlé yín? Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ tó tutù díẹ̀, kí ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bó bá lẹ̀ pọ̀ bí iyán, amọ̀ ni: ẹ kọ ebè gíga, kí ẹ sì po ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà mọ́ ọn. Bó bá tú ká lójú ẹsẹ̀, iyanrìn ni: ìgbẹ́ tó ti jẹrà yìí náà ló nílò, torí oúnjẹ kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ajílẹ̀ yùríà. Tó bá pọ̀ jù, ewé á gbilẹ̀, èso ò ní tó nǹkan. Ẹ̀kúnwọ́ eérú igi díẹ̀ wúlò, torí pòtáṣíọ̀mù inú rẹ̀ máa ń ran èso lọ́wọ́, àmọ́ àṣejù ló ń ba ilẹ̀ jẹ́. Ẹ má ṣe bomi rin ín lónìí, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyẹn lè mú kí ìdí èso dúdú. Nígbà tó bá ń pọ́n, ẹ dín omi kù, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó rọ.

Ohun kan wà tí tòmátì inú ẹ̀yìnkùlé fi borí ti ọjà. Wọ́n sábà máa ń já èyí tó fẹ́ rin ìrìn àjò kó tó pọ́n, kó má bàa fọ́ nínú apẹ̀rẹ̀. Tiyín lè pọ́n lórí igi. Ẹ jẹ́ kó pọ́n tán, ẹ má kó o sínú fíríìjì, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.