Kí Ló Jẹ Òkè Àbúrò Mi? Kẹ́místírì Inú Pàǹtírí Tí A Fi Ń Kọ́ Pápá Ogun Orí Tábìlì

Lálẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, àbúrò mi ọkùnrin pè mí lórí WhatsApp láti Ìbàdàn. Kò tilẹ̀ kí mi dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo nǹkan," ló wí, ó bá yí kámẹ́rà fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. Òkè kan ló yẹ kó wà níbẹ̀, òkè tó fi ọjọ́ mẹ́ta gbẹ́ láti ara fóòmù funfun tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣàn mọ́ inú páálí. Ohun tí mo rí jọ ẹ̀kọ tí ewúrẹ́ jẹ kù. Àárín rẹ̀ ti jìn wọlé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń fà bíi gọ́ọ̀mù.

"Mo kàn fọ́n ọ̀dà sí i ni o. Ọ̀dà aláwọ̀ eérú lásán. Ọjọ́ Sátidé sì làwọn ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ wá ṣeré."

Kí n má parọ́, ojú tì mí. Kẹ́místírì ni mo ń kà níbí, orí pólímà gan-an ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé. Èmi náà ni mo sọ fún un pé kó lọ fi fóòmù kọ́ òkè, tí n kò sì rántí sọ pé kó má fọ́n ọ̀dà sí i ní tààrà.

Kí n tó sọ ohun tó jẹ òkè náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré yìí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ayò ní ọpọ́n, ọpọ́n sì ní ihò. Eré ogun orí tábìlì kò ní ojú ilé kankan. Tábìlì gbalasa ni, rúlà tàbí téèpù la fi ń wọn ìrìn ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ irú eré bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè lọ tó ínṣì 6 lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dín kù tó bá ń wọ igbó tàbí tó ń gun òkè. Dáìsì la ń jù láti mọ̀ bóyá ìbọn bà á. Bí ògiri bá wà láàárín ọmọ ogun mi àti tiyín, tí tèmi kò rí tiyín, kò lè yìnbọn fún un. Ẹ rí i pé òkè, ilé àti igbó kì í ṣe ọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Tí tábìlì bá ṣófo, ẹni tó kọ́kọ́ yìnbọn ló máa borí, eré parí nìyẹn.

Ó ti pẹ́ tí èèyàn ti ń wá ohun tí wọ́n á fi ṣe ilẹ̀ orí tábìlì. Georg Leopold von Reisswitz, ará Prussia, kọ́kọ́ fi iyanrìn tútù ṣe tirẹ̀. Nígbà tó wá di pé ọba fẹ́ rí i, ó ronú pé iyanrìn kò yẹ ọba, ló bá ṣe tábìlì olówó ńlá fún Friedrich Wilhelm III ní 1812, pẹ̀lú àwọn àwo kéékèèké tí wọ́n kùn bí odò, ọ̀nà àti abúlé, tí a lè tò bó ṣe wù wá. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé Little Wars jáde. Búlọ́ọ̀kù onígi tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ló fi kọ́ ilé, ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ ló sì sọ di igbó. Ọ̀nà ti Wells ni èmi àti àbúrò mi yàn. Nottingham ni mo ń gbé báyìí, níbi tí Games Workshop tó ń ṣe Warhammer fi ṣe ibùjókòó, mo sì ń rí àwọn ilé oníke tó rẹwà nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo máa ń wò wọ́n, mo máa ń dá wọn padà sórí pẹpẹ. Owó oúnjẹ mi ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí ìwà ọ̀daràn náà.

Fóòmù funfun yẹn, polystyrene lorúkọ rẹ̀. Mólékù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní styrene ni wọ́n so mọ́ra, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tó fi di ẹ̀wọ̀n gígùn. Àwọn ẹ̀wọ̀n yìí wá lọ́ mọ́ra bí Indomie tí a kò tíì sè. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́ di fóòmù, wọ́n á fi gáàsì wú u bí àkàrà ṣe ń wú nínú epo, títí nǹkan bí ìdá 95 sí 98 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ á fi jẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ tún un kà o. Òkè tí ọmọkùnrin yẹn fi ọjọ́ mẹ́ta gbẹ́, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Omi kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Mólékù omi fẹ́ràn ara wọn ju kí wọ́n wọ àárín ẹ̀wọ̀n polystyrene lọ, ìdí nìyẹn tí a fi lè bu tíì sínú kọ́ọ̀pù fóòmù, ká sì mu ún tán. Ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ àwọn ọ̀dà inú agolo tí a ń fọ́n, omi kọ́ ni wọ́n fi pò ó. Acetone, toluene àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni. Acetone yìí náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò ní èékánná. Ìwà wọn àti ti polystyrene bára mu, wọ́n á kàn yọ́ wọ àárín àwọn ẹ̀wọ̀n yẹn, wọ́n á sì tú wọn kúrò lára ara wọn. Bí ẹ̀wọ̀n bá ti tú, ògiri tó sé afẹ́fẹ́ mọ́ á ya, afẹ́fẹ́ á bá tirẹ̀ lọ. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí ooru. Òkè náà kò yọ́ bí òrí ṣe ń yọ́ nínú oòrùn. Ó yòrò ni, bí iyọ̀ ṣe ń yòrò nínú omi. Ohun tó ń fà bíi gọ́ọ̀mù tó kù nílẹ̀, polystyrene yẹn náà ni, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ti lọ.

Ẹ lè dán an wò pẹ̀lú fóòmù tó tó ìka kan àti omi kútẹ́ẹ̀sì tó ní acetone díẹ̀ nínú ife gíláàsì. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ jìnnà sí iná àti sígá pátápátá, torí acetone tètè ń gbaná. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni fóòmù á lọ, bíi pé ilẹ̀ gbé e mì.

Oògùn rẹ̀ kò le. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní PVA, omi ni wọ́n fi pò ó. Fritz Klatte, onímọ̀ kẹ́místírì ará Jámánì, ló ṣàwárí pólímà inú rẹ̀ ní 1912. Nínú ike gọ́ọ̀mù, pólímà náà wà bí ọta kéékèèké tó ń léfòó káàkiri nínú omi, òun ló jẹ́ kó funfun bíi mílíìkì. Tí omi bá ń gbẹ, àwọn ọta á máa sún mọ́ra, wọ́n á fún ara wọn pa, wọ́n á sì di awọ kan ṣoṣo. Ẹ po gọ́ọ̀mù yìí mọ́ ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri ilé, kí ẹ kun òkè yín lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ dáadáa kí ẹ tó kun ìkejì. Ẹ lè da iyanrìn wẹ́wẹ́ sí i, awọ náà á túbọ̀ le.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà ni pé wọ́n á fi ihò kékeré sílẹ̀. Ihò tó tó orí abẹ́rẹ́ ti tó. Acetone á gba ibẹ̀ wọlé, á jẹ inú òkè, awọ òde á sì dúró bí ẹyin tí wọ́n ti fa inú rẹ̀ mu. Ẹ kò ní mọ̀ títí ẹ máa fi gbé ọmọ ogun lé e, tó máa já wọlé. Tèmi ni pé kí ẹ má tilẹ̀ fọ́n ọ̀dà kankan sí i mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà olómi ti tó.

Ọ̀rọ̀ kan tí n kò fi ṣeré: tí ẹ bá ń fi wáyà gbígbóná gé fóòmù, èéfín tó ń jáde ní styrene nínú, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ìta gbangba ni kí ẹ ti gé e, tàbí kí ẹ lo ọ̀bẹ tó mú. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má dáná sun ún.

Páálí ńkọ́? Páálí kò ní ìṣòro acetone, omi ni ọ̀tá tirẹ̀. Òwú igi ni bébà, òwú yìí sì máa ń wú tó bá mu omi, á tún sún kì tó bá gbẹ. Tí ẹ bá kun ojú kan, ojú yẹn á wú, á fà, òdìkejì kò sì mọ ohun tó ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ tí ẹ tẹ́ pẹrẹsẹ lálẹ́ á fi ká bí ewé gbígbẹ tó bá di àárọ̀. Ẹ kun ojú méjèèjì, kí wọ́n máa fa ara wọn lọ́gbọọgba. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó le gan-an, ẹ wo inú páálí Indomie yín: ìgbì wà láàárín bébà méjì. Ìgbì yẹn ń kọ̀ kí ẹ ká a ní ìhà kan, ó sì ń gbà ní ìkejì. Ẹ lẹ páálí méjì pọ̀, kí ìgbì ọ̀kan dá ti ìkejì lábùú, ẹ ó rí i pé kò ní gbà níbì kankan mọ́.

Wàyí o, báwo ni ẹ ṣe máa mọ pàǹtírí tó lè di ilé? Ìṣirò díẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun eré yìí ga ní mílímítà 28. Tí ẹ bá fi ènìyàn tó ga ní mítà 1.7 wé e, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 60. Nítorí náà, mílímítà 1 lórí tábìlì dúró fún sẹ̀ǹtímítà 6 láyé. Agolo tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 7 di ojò omi tó ga ní mítà 4.2. Igi ìṣáná tó nípọn ní mílímítà 2 di òpó tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 12. Iyanrìn di òkúta wẹ́wẹ́. Àbúrò mi ní ṣé gàrí ńkọ́, torí ó jọ taàrá. Mo ní rárá o. Sítáàṣì ni gàrí, nínú gọ́ọ̀mù tútù ó lè hu funfun, èèrà á sì dé kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó dé.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni òkúta àti èèpo igi. Ẹ mú òkúta kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ gbé e lé tábìlì, ẹ fi ọmọ ogun kan tì í: Olúmọ ti dé nìyẹn. Bí àpáta ṣe ń ya kò yàtọ̀ púpọ̀, ì báà jẹ́ kékeré tàbí ńlá. Tí àwọn onímọ̀ jíọ́lọ́jì bá ń ya fọ́tò àpáta, wọ́n máa ń fi òòlù tàbí owó ẹyọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí láìsí i, ẹni tó ń wò ó kò ní mọ̀ bóyá ó ga ju ilé lọ ni àbí ó kéré ju bàtà lọ. Ẹ̀ka igi náà ń ya bí igi ńlá ṣe ń ya. Ewé ló ń tú àṣírí. Ewé gidi kan lórí tábìlì tóbi tó òrùlé, ẹ má lò ó. Kànìnkànìn tí ẹ ti lò gbó, tí ẹ gé wẹ́wẹ́, tí ẹ rẹ sínú ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ló dára jù fún koríko.

Ó ku kíkùn. Òkè gidi lábẹ́ oòrùn ní òjìji tó gùn ní mítà púpọ̀. Ti orí tábìlì, ihò rẹ̀ kò jìn ju mílímítà kan méjì lọ, gílóòbù inú yàrá kò lè fún un ní òjìji tí ojú máa rí dáadáa. Àwa la máa kun òjìji náà fúnra wa. Ẹ kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà eérú, ẹ nù ún sára àkísà títí yóò fi dà bíi pé kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́, kí ẹ wá máa fi gbá ojú òkè fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Ibi tó yọ síta nìkan ló máa gba ọ̀dà. Inú ihò á dúdú síbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, fóòmù á di àpáta.

Ọjọ́ méjì ló kù fún wa. A kò lè gbẹ́ òkè tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, ni mo bá ní kó to páálí léra wọn bí àtẹ̀gùn, kó fi àjákù fóòmù di àárín, kó sì kun ún bí mo ṣe wí. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní alẹ́ Fúráìdeè, n kò sì fi kún un: ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi èékánná họ ọ́ wò torí kò gbà pé páálí ni. Àbúrò mi sì pàdánù eré náà, ó ní dáìsì ló da òun.

Odò ló kù tó fẹ́ kọ́ báyìí. Ó bi mí ṣé ọ̀rá pure water á ṣe é, torí ó ń dán bí omi. Á ṣe é. Ṣùgbọ́n polyethylene ni ọ̀rá yẹn, gọ́ọ̀mù funfun kì í di í mú. Tó bá gbẹ, á ṣí kúrò bí èèpo. Lọ́tẹ̀ yìí mo rántí sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀: kó fi etí páálí méjì há ọ̀rá náà láàárín, kó lẹ páálí mọ́ páálí.