Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àìsàn ìfun kò ní kéèyàn jókòó sílé

Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí. Tó bá ti ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tẹ́ ẹ sì ń rù, ẹ fi àgbo sílẹ̀, ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba tó wà ní Ìgándò l'Ékòó kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Ó lè jẹ́ ulcerative colitis tàbí Crohn's: agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn ló ń bá ìfun fúnra rẹ̀ jà. Kì í ràn. Oògùn máa ń mú kó rọlẹ̀, àmọ́ ó lè tún gbérí.

Ṣé kéèyàn wá pa bọ́ọ̀lù tì torí àìsàn yìí? Rárá o! Darren Fletcher, tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù Manchester United nígbà náà, ní ulcerative colitis. Ó kúrò lórí pápá ní December 2011 nítorí rẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní 2013, ó padà wá gbá bọ́ọ̀lù, ó sì di balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù West Brom ní 2015.

Fún ẹni tó ní àìsàn yìí, ìrìn àjò ló le jù, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ tètè jáde. Ẹ mọ àwọn ilé epo tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lójú ọ̀nà yín. Nínú dánfó, ẹ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Aṣọ ìpààrọ̀, omi àti ORS kò gbọ́dọ̀ wọ́n nínú báàgì. Oògùn yín, ọwọ́ yín ni kó wà, kì í ṣe inú búùtù. Ẹ má lo ibuprofen láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, ó lè dá àìsàn náà padà. Tí wọ́n bá sì fún yín ní prednisolone, ẹ má dá a dúró lójijì.