Kí Ló Wà Lágbọ̀n Ológbò Yín?

Lẹ́yìn àsálátù ọjọ́ Àìkú kan, ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ wá sídìí tábìlì ìlera tí a máa ń tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí. Làpálàpá mẹ́ta wà lọ́rùn ọmọ náà, ọ̀kan sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá ní òun ti ń fi kírìmù pa á láti oṣù méjì. Bó bá lọ, á tún padà wá. A gba kírìmù náà wò. Ọ̀kan nínú àwọn àpòpọ̀ tó ní steroid nínú ni. Steroid a máa dá yíyún dúró kíákíá, ibi tó pọ́n á sì rọlẹ̀, ènìyàn á rò pé ó ti san. Ṣùgbọ́n ńṣe ló ń dín agbára tí awọ ara fi ń bá làpálàpá jà kù, èyí á sì máa tàn lábẹ́lẹ̀. A fún wọn ní clotrimazole, a ní kí wọ́n máa lọ. A ò béèrè ohunkóhun mọ́. Ẹ̀bi wa nìyẹn.

Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n tún dé. Àbúrò ọmọ náà ti kó o. Ọmọ kékeré yẹn ló la ọ̀rọ̀ fún wa: "Músù wa náà ní i lágbọ̀n."

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń béèrè ológbò kí a tó béèrè kírìmù.

Ẹ má tìtorí èyí lé ológbò yín jáde o. Ohun tó wọ́pọ̀ lágbọ̀n ológbò ni irorẹ́, kì í sì í ran ènìyàn. Ihò ọ̀rá pọ̀ lágbọ̀n ológbò. Ibẹ̀ ló máa ń fi ra ẹsẹ̀ àga àti ẹsẹ̀ yín láti fi òórùn rẹ̀ sàmì sí i. Bí àwọn ihò wọ̀nyí bá dí, ẹ ó rí kóró dúdú wínníwínní bí ẹni wọ́n ẹ̀tù ìbọn sí i. Ọ̀pọ̀ á pè é ní èérí oúnjẹ, wọ́n á máa ha á. Ẹ má ha á, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Ojú ibẹ̀ ni kòkòrò àrùn ń gbà wọlé tí àgbọ̀n fi ń wú tó sì ń yọ ọyún. Ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ díẹ̀ rọra nù ún lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ pa àwo oníke tó ti họ tì, nítorí kòkòrò àrùn máa ń sá pamọ́ sójú họ́họ́ rẹ̀. Ẹ lo ti irin tàbí tánganran, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Bí ọyún bá ti wà níbẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko.

Bí ó bá jẹ́ ètè òkè ló wú, tó dégbò bí ẹni pé nǹkan jẹ ẹ́, ìyẹn tún yàtọ̀. Ara ológbò ló sábà máa ń kọ nǹkan, bíi jíjẹ àwọn kòkòrò tó ń fò nínú irun rẹ̀. Kò ran ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun à ń tọ́jú nílé. Ológbò àgbà tí egbò ẹnu rẹ̀ kò jinná, ẹ tètè gbé e lọ, torí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ.

Èyí tó kan àwọn ọmọ wa gan-an ni làpálàpá. Irun á re lójú kan, awọ ibẹ̀ á ní èépá bí eérú. Ó lè má yún ológbò rárá, àwọn mìíràn sì ń gbé e kiri láìní àmì kankan, pàápàá àwọn ọmọ ológbò. Lára ènìyàn, ó sábà máa ń yọ láàárín ọjọ́ 4 sí 14. Irun tó re sílẹ̀ lè mú àrùn náà dání nínú ilé ju ọdún kan lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ tọ́jú ọmọ, ológbò àti ilé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò gbígbálẹ̀ gbígbẹ tó ń fẹ́ irun kiri. Ẹ fọ aṣọ ibùsùn, híjáàbù àti ẹní ìkírun, kí ẹ sá wọn sóòrùn. Ẹ máa fi clotrimazole pa ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ sì máa bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn tó bá ti pòórá. Bó bá jẹ́ orí ló wà, kírìmù kò ní dé gbòǹgbò irun. Oògùn mímu ni, ilé ìwòsàn sì ni wọ́n ti ń fúnni.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù, gẹ́gẹ́ bí apoògùn, ni oògùn ènìyàn tí wọ́n ń fún ológbò. Tábúlẹ́ẹ̀tì parasitámọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó láti pa á. Omi apakòkòrò tó ń di funfun bíi wàrà bí a bá dà á sómi, ẹ má fi nu ún lẹ́nu. Kírìmù ilé náà, yóò lá a ni. Pawúdà permethrin tí wọ́n ṣe fún ajá, májèlé ni fún ológbò.

Àlàájà kan bi wá pé ṣé omi àlùwàlá tí irú ológbò bẹ́ẹ̀ fẹnu kàn kò ti bàjẹ́. Hádíìsì Abú Qatádà tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn àlùfáà wa ti fi hàn pé ológbò kì í ṣe ẹ̀gbin, ẹ bi wọ́n fún àlàyé tó kún. Làpálàpá kì í gba inú itọ́ ológbò ranni. Inú irun àti awọ ara ló wà, ọmọ sì ń kó o nígbà tó bá gbé ológbò sọ́rùn.

Dókítà ẹranko fún músù ilé yẹn ní oògùn mímu àti ti ìwẹ̀. Wọ́n fi í sí yàrá kan tó rọrùn láti nù, ìyá ń wọ ìbọ̀wọ́ bó bá ń tọ́jú rẹ̀. Ní oṣù kẹta, irun ti hù padà lágbọ̀n rẹ̀, ọrùn àwọn ọmọ sì ti dán. Ìyá wọn fúnra rẹ̀ ló kó kírìmù àpòpọ̀ tó kù wá fún wa.