Bí A Ti Ń Fi Ọwọ́ Ṣe Ìkọ́ Kọ́kọ́rọ́ Aláwọ Tí Kì Í Tètè Já

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ní ìhà Ikate Elegushi, ẹsẹ̀ ti pé nínú ọgbà ilé ìsìn, agogo sì ti lù, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọ aṣọ wọn ṣì wà ní títì pa. Ẹni tí ń tọ́jú ilé ìsìn ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó fa ìkọ́ kọ́kọ́rọ́ yọ, ṣùgbọ́n kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan lára rẹ̀ mọ́. Abẹ́ òrùka ni ó ti já. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ni a fi wá kọ́kọ́rọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí a tó bá wọn nínú gọ́tà lẹ́yìn géètì. Èmi gan-an ni mo ra ìkọ́ náà fún ilé ìsìn ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, nítorí pé ó ń dán, ó sì jọ awọ.

Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, mo rí i pé kì í ṣe awọ rárá. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ lójú, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ rán. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi ṣe ìkọ́ kọ́kọ́rọ́, àwọn ará tí wọ́n sì ń béèrè bí a ti ń ṣe é kò kéré. Iṣẹ́ bí i wákàtí méjì ni, kò sì gba ẹ̀rọ kankan. Gbogbo agbára rẹ̀ wà ní ibi méjì péré: ibi tí awọ ti ká mọ́ òrùka, àti ojú ìrán tí ó di ìṣẹ́po náà mú. Bí ibi méjèèjì bá dára, ẹ̀ṣọ́ lásán ni ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa awọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn awọ gidi a máa rí ṣákaṣàka bí òwú tí a tú, nígbà tí ẹ̀yìn ayédèrú a máa fi ojú aṣọ hàn. Bí a bá gé bíńtín lára awọ gidi, tí a sì fi iná sí i, yóò rùn bí irun tí ó jóná. Ayédèrú yóò yọ́, yóò sì rùn bí ọ̀rá. Oríṣi awọ gidi méjì ni ó sì wọ́pọ̀. Èyí tí a fi kẹ́míkà kúrómíọ̀mù ṣe rọ̀, ó dára fún báàgì, ṣùgbọ́n ó máa ń fà. Èyí tí a fi èso tàbí èèpo igi ṣe le díẹ̀, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́, kì í yí padà. Èyí ni mo yàn fún iṣẹ́ yìí.

Ní Kano àti Sókótó, èso igi bagaruwa ni àwọn aláwọ ti ń lò láti ìran dé ìran. Ràkúnmí ni ó ń gbé awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá nígbà àtijọ́, àwọn ará Yúróòpù sì sọ ọ́ ní awọ Mòrókò, nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ilẹ̀ tiwa, Ọ̀yọ́ ni òkìkí iṣẹ́ awọ rẹ̀ kàn jù lọ: tìmùtìmù, apó, àkọ̀ idà, gàárì ẹṣin. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ìwé Mímọ́ kò sì ní ṣàì rántí Símónì aláwọ ará Jópà, tí Pétérù wọ̀ sí ilé rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ (Ìṣe 9:43). Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ẹni tí a ṣèlérí kọ́kọ́rọ́ ìjọba ọ̀run fún, ilé aláwọ ni ó sùn sí. Lóde òní, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awọ màlúù wa ń lọ. Ní ọdún 2022, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria dábàá pé kí a fi òfin de jíjẹ pọ̀nmọ́, kí awọ lè kù fún àwọn ilé iṣẹ́. Èmi tí mo fẹ́ràn pọ̀nmọ́ kò ní dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Muṣin ni ọ̀pọ̀ ṣúmékà Èkó ti ń ra awọ, ṣùgbọ́n kò di dandan kí ẹ rìn jìnnà bẹ́ẹ̀. Àjákù tí ṣúmékà àdúgbò yín gé kù tó fún wa, bí ó bá ti nípọn tó mìlímítà 2. Ẹ tún wá òrùka, abẹ́rẹ́ ńlá méjì, òwú tí àwọn ṣúmékà ń lò, ìda oyin, gọ́ọ̀mù, rúlà irin, abẹ mímú, àti òòlu, irú èyí tí Ẹ́kísódù 21:6 mẹ́nu kàn. Kí òrùka náà jẹ́ ti idẹ. Iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ wá láti etíkun Elegushi, irin lásán kì í sì pẹ́ dípẹtà ní agbègbè wa.

Ẹ gé awọ náà ní sẹ̀ǹtímítà 20 ní gígùn, àti 2 ààbọ̀ ní fífẹ̀. Ẹ fa abẹ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́bàá rúlà, dípò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú agbára, kí ìka yín má sì sí ní ọ̀nà rẹ̀. Ẹ fi omi díẹ̀ pa àárín awọ náà kí ó má baà là, ẹ ki òrùka bọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹ po kí orí méjèèjì dọ́gba. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa inú ìhà méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ wá tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ lẹ́bàá òrùka láìfi gọ́ọ̀mù sí i, kí òrùka lè máa yí fàlàlà.

Ìrán ni ó kàn, òun sì ni n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú ṣe. Ẹ fa ìlà tí ó fi mìlímítà 3 jìnnà sí etí awọ, sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà kan, gba ìsàlẹ̀, kí ó sì gòkè ní ìhà kejì. Ẹ fi òòlu lu ihò sórí ìlà náà, kí mìlímítà 4 wà láàárín ihò kan sí èkejì. Ẹ má ṣe lu ihò kọjá ní ìbú lábẹ́ òrùka. Ọ̀wọ́ ihò níbẹ̀ a máa dà bí ojú tí a ti ń ya tíkẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ gan-an ni tiwa sì ti já. Ẹ gé òwú tí ó tó sẹ̀ǹtímítà 80, ẹ fi ìda oyin pa á, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ kan sí orí kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Ẹ fa òwú náà gba ihò àkọ́kọ́ títí yóò fi dọ́gba ní iwájú àti ẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ méjèèjì ni yóò máa gba inú ihò kan náà kọjá, ọ̀kan láti iwájú, èkejì láti ẹ̀yìn, kí ẹ tó fà wọ́n le pọ̀. Nínú ìrán ẹ̀rọ, òwú òkè àti ti ìsàlẹ̀ kàn gbé ara wọn kọ́ ni. Bí ọ̀kan bá já, èkejì a máa tú tẹ̀ lé e. Nínú ìrán abẹ́rẹ́ méjì yìí, bí ìhà kan òwú náà bá tilẹ̀ gé, ìhà kejì ṣì wà nínú gbogbo ihò. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń rán gàárì ẹṣin. Bí ẹ bá dé òpin, ẹ rán padà sẹ́yìn ní ihò mẹ́ta, kí ẹ tó gé òwú.

Ẹ fi sáńpépà ha etí awọ kí ó dọ́gba, ẹ fi omi pa á, ẹ fi aṣọ líle fún un gidigidi títí yóò fi máa dán, kí ẹ sì fi ìda oyin kádìí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sàmì sí i, lẹ́tà kan tó. Ẹ má ṣe kọ orúkọ ilé ìsìn tàbí àdírẹ́sì sí i, nítorí pé ẹni tí ó bá rí i he yóò mọ ìlẹ̀kùn tí ó ń ṣí. Ní ìgbà òjò, bí ó bá bu, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ má ṣe sá a sí oòrùn, kí ó má baà gan.

Èyí tí mo ṣe fún yàrá àwọn akọrin ṣì wà lórí ìṣó tí a fi kọ́ ọ. Òrùka idẹ rẹ̀ ti dúdú díẹ̀, awọ rẹ̀ sì ti pọ́n bí obì, ṣùgbọ́n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kọ́kọ́rọ́ pé.