Nígbà tí Ẹ̀rọ Ìwọn-pH Bá Kọ̀ Láti Bá Òṣùwọ̀n Mu

Nínú ìmọ̀ ìtọ́jú oúnjẹ, pH 4.6 jẹ́ ààlà tí a kì í fi ṣeré. Oúnjẹ inú agolo tàbí ìgò tí pH rẹ̀ kò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ti kan débi pé kòkòrò àìfojúrí Clostridium botulinum kò lè gbèrú nínú rẹ̀. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ nílò ìtọ́jú mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè di májèlé. Bí ẹ̀rọ bá wá ka 4.4 fún oúnjẹ tí pH rẹ̀ jẹ́ 4.7, àṣìṣe náà kò mọ sórí ìwé. Ìyàtọ̀ 0.3 kéré lójú, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì ni ní ti iye áyọ́ọ̀nù háídírójìn inú oúnjẹ náà, nítorí pé ìlọ́po mẹ́wàá ni ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n tí Sørensen gbé kalẹ̀ ní Copenhagen lọ́dún 1909.

Ó yẹ kí a ya ìwọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára òṣùwọ̀n. Ìwọ̀n ni iye tí ẹ̀rọ kà. Òṣùwọ̀n ni ohun tí a fi ń dá ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́wọ́ ẹni tó tẹ ìdí kóńgò wọnú mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa: iye kóńgò pé, kóńgò ni kò pé. Fún ẹ̀rọ ìwọn-pH, bọ́fà ni òṣùwọ̀n, ìyẹn omi tí a ti mọ pH rẹ̀ tẹ́lẹ̀. 4.01, 7.00 àti 10.01 ló wọ́pọ̀ jù.

Ọ̀pá gíláàsì ẹ̀rọ náà, ẹlẹ́kítíróòdù, kì í ka pH rárá. Agbára iná ló ń mú jáde. Bí ara rẹ̀ bá dá, tí ìgbóná sì jẹ́ 25°C, yóò mú 0 mV jáde nínú bọ́fà 7.00, àti nǹkan bí 177 mV nínú bọ́fà 4.01. Ìyẹn ni 59.16 mV fún pH kan. Ní 30°C, ó ti di 60.15 mV, nítorí náà ẹni tó bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ sórí 25°C nínú yàrá tó móoru ti gbin àṣìṣe sínú iṣẹ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń fi ipò ẹlẹ́kítíróòdù hàn ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín 95 sí 102 kò séwu.

Ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ bọ́fà ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Bọ́fà 10.01 tí a ṣí sílẹ̀ máa ń fa káábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì láti inú afẹ́fẹ́, pH rẹ̀ a sì máa lọ sílẹ̀. Dída bọ́fà tí a ti lò padà sínú ìgò rẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé yóò ba èyí tó kù jẹ́. Kí a ṣí ìgò tuntun kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, kí a yọ okùn ẹlẹ́kítíróòdù lẹ́yìn ẹ̀rọ, kí a sì fi wáyà kúkúrú so àárín ihò rẹ̀ mọ́ etí ihò náà. Bí ẹ̀rọ bá ka 0 mV tàbí ohun tó sún mọ́ ọn gan-an, tí kò sì yí kiri, ọ̀ràn wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́kítíróòdù tàbí okùn rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí iye bá ń rìn láìdúró, kí a wò ó bóyá wọ́n gbàgbé láti ṣí ihò tí a ń gbà rọ omi iyọ̀ sínú rẹ̀, tàbí bóyá omi iyọ̀ náà ti lọ sílẹ̀ ju omi tí a ń wọ̀n lọ. Bí ìdá rẹ̀ bá ti ń dínkù, ìdọ̀tí ti bo gíláàsì: HCl 0.1 M ń wẹ ọ̀pọ̀ rẹ̀, ọṣẹ ń wẹ ọ̀rá, HCl tí a po pẹpusíìnì mọ́ ló sì ń wẹ púrótéènì. Lẹ́yìn èyí, kí a rẹ ẹ́ sínú KCl 3 M, kì í ṣe sínú omi pọ́nbélé tí a ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò, nítorí pé irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń fa iyọ̀ inú ẹlẹ́kítíróòdù jáde. Àmọ́ bí iye kan náà bá ń jáde nínú bọ́fà 4.01 àti 7.00, ó ṣeé ṣe kí gíláàsì ti sán, kò sì sí ìwẹ̀ tó lè tún un ṣe. Òmíràn ni kí a rà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti bára mu, kí a fi bọ́fà kan tí a kò lò nínú ìmúbámu náà dán an wò kí a tó wọ̀n oúnjẹ kankan.