Àmì Kékeré Lẹ́yìn Lẹ́tà "s": Ìní Ọlọ́pọ̀ nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Bí ènìyàn bá kọ ìwé ìhágún ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ "to my brother's children", àwọn ọmọ arákùnrin kan ṣoṣo ni ó ní ilẹ̀ náà. Bí ó bá kọ "to my brothers' children", àwọn ọmọ gbogbo arákùnrin rẹ̀ ni ó tọ́ sí. Bí a bá ka méjèèjì sókè níwájú ẹbí, kò sí etí tí ó lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ojú nìkan ni ó lè mọ̀ ọ́n. Ní ti Yorùbá, bí a bá fẹ́ kí ó dájú, a ó pe "àwọn" lẹ́ẹ̀mejì: "àwọn ọmọ àwọn arákùnrin mi". Gbogbo ẹbí ni yóò sì gbọ́.

Ohun tí ó ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú ni pé wọ́n rò pé ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí ọ̀rọ̀-atọ́kùn tí ó ṣáájú ni ó ń pàṣẹ àmì yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú "We greeted the students", àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni a kí. Kò sí àmì kankan. Nínú "We greeted the students' parents", àwọn òbí ni a kí, "students'" sì jẹ́ ẹ̀yán lásán fún "parents". Bákan náà ni "with the farmers" àti "with the farmers' wives". Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni kí a wò, kì í ṣe èyí tí ó ṣáájú.

Àṣìrò náà kò sì jẹ́ ti òmùgọ̀, nítorí ìgbà kan wà tí ó jẹ́ òtítọ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ṣáájú ọdún 1066, ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-atọ́kùn a máa yan ìrísí fún ọ̀rọ̀-orúkọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe "brūcan", tí ó túmọ̀ sí kí a lo nǹkan tàbí kí a gbádùn rẹ̀, a máa fẹ́ àbọ̀ tí ó wà ní ìrísí ìní. Nígbà náà, "cyninges" ni ti ọba kan, "cyninga" ni ti àwọn ọba. Etí gbọ́ ìyàtọ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ìparí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jẹrà, "s" kan náà sì gba ipò gbogbo wọn. Àmì apostrophe wọ inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún sí ìkọkàndínlógún kí fífi í sí ẹ̀yìn "s" ọlọ́pọ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ibi tí ohun tí a ní kò hàn nínú gbólóhùn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣu, tí ẹnìkan wí pé "I prefer the farmers'", Yorùbá yóò wí pé, "Ti àwọn àgbẹ̀ ni mo fẹ́ jù." Níbi tí a kò ti lè yẹra fún "ti", níbẹ̀ ni àmì náà máa ń wà. (Ọ̀rọ̀ ilé nìkan ni ó yọ ara rẹ̀ sílẹ̀: "at the Adeoyes'" ni "ní ilé àwọn Adéoyè".) Ẹ jẹ́ kí a wá wo "a portrait of my parents": àwọn òbí mi ni a yà sínú àwòrán. "A portrait of my parents'" sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tí wọ́n ní, ìbáà ṣe ẹṣin ni a yà sínú rẹ̀. "Àwòrán àwọn òbí mi" tiwa lè gba ìtumọ̀ méjèèjì. "Ti" ni ó ń là á.

Kí a má sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí a bá wí pé "ilé Dàda", ẹnu wa a máa fa fáwẹ́lì "e" kan lóhùn àárín lẹ́yìn "ilé", èyí tí a kò gbọ́ nínú "ilé Adé". Ìró ìní ni, gègé wa kì í sì í sábà kọ ọ́. Àwọn ń kọ ohun tí wọn kò pè. Àwa ń pe ohun tí a kò kọ.

Ó ku àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti di ọlọ́pọ̀ láìní "s". "Children" àti "women" ń gba àmì ṣáájú "s", nítorí náà "Children's Day" ni ti 27 oṣù Karùn-ún, kì í ṣe "Childrens'". Mothers' Union, tí Mary Sumner dá sílẹ̀ ní 1876, jẹ́ ti ìyá púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọbabìnrin kan ṣoṣo ni ó wà nínú orúkọ Queen's College, Lagos, tí a dá sílẹ̀ ní 1927; ẹni tí ó bá sún àmì náà sẹ́yìn "s" ti fi òmíràn jẹ láìsí ìmọ̀ àwọn afọbajẹ.