Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Tó Wọ Táyà Ńlá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ojú mi rí ìtumọ̀ òwe yìí nígbà tí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí bàbá mi fi ń kó iṣu láti Èkìtì lọ sí Iléṣà kò lè gun òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè dáadáa mọ́. Bí a bá ti dé ìdí òkè, ẹńjìnnì yóò máa kérora, ọkọ̀ yóò sì máa wọ́ bí ìgbín. Mẹkáníìkì kan ní ẹńjìnnì ti kú, àfi kí a ra tòkunbọ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ni bàbá mi fẹ́ fi rà á.

Kí ó tó ná an, a gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi bi wá pé, "Kí ni ẹ pààrọ̀ lára ọkọ̀ yìí kí àárẹ̀ tó dé bá a?" Bàbá mi rántí pé nítorí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko, òun yọ táyà tí gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 27, òun sì fi ti íǹṣì 31 rọ́pò rẹ̀.

Àlàyé ọ̀rọ̀ náà nìyí. Bí táyà ńlá yìí bá yí lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ tó ń gbà fi ohun tó lé ní íǹṣì 12 ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó dà bí alárùú tó ń gbé ìṣísẹ̀ gígùn gun òkè; kò ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Bí agbára tó ń ti ọkọ̀ síwájú nínú jíà kan bá jẹ́ 100 tẹ́lẹ̀, yóò kù bíi 87. Aago eré pàápàá yóò máa purọ́: bí ó bá fi 80 hàn, eré gidi ti tó bíi 92. Bíréèkì náà yóò sì ṣe wàhálà kí ó tó dá ọkọ̀ dúró.

Síbẹ̀, bàbá náà kò dá táyà lẹ́bi láìwádìí. Ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ yí i, bóyá bíréèkì ló di í mú. Ó wo asẹ́ afẹ́fẹ́, asẹ́ epo àti púlọ́ọ̀gì. Ó ní bí ẹńjìnnì bá ń pariwo tí eré kò sì pọ̀ sí i, kí a fura sí kílọ́ọ̀ṣì. Gbogbo rẹ̀ ló pé. Nígbà tó wà á, ó rí i pé jíà kejì ń fà dáadáa, jíà kẹrin ló ń rọ̀. Ó wá ní kí a dá táyà àtijọ́ padà, kí a kó ẹrù kan náà, kí a gun òkè kan náà. Ọkọ̀ gòkè wẹ́rẹ́!

Ẹni tí kò bá lè ṣe láìlo táyà ńlá, kí ó pààrọ̀ jíà ìdí ọkọ̀ kí ó bá a mu, ṣùgbọ́n owó ńlá ni. Bàbá mi yan táyà tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ mi kò lọ sí ọjà tòkunbọ̀, ìdí nìyí tí mo fi wà láàrin yín lónìí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí a tó tú ẹńjìnnì palẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tó yí padà.